Abẹ, Òrí àti Òṣùwọ̀n: Ìrírí Ẹni tí Ó Ń Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Ṣe Ọṣẹ Ìfárùngbọ̀n

Àwọn àgbà wa a máa sọ pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dúró síwájú dígí ní òwúrọ̀ kùtùkùtù láti fá irùngbọ̀n ara rẹ̀, òun ni olórí, òun ni onígbàjámọ̀, òun náà ni yóò sì ké "yéè" bí abẹ bá ṣìnà. Nípa irú ẹni bẹ́ẹ̀, àti nípa ọṣẹ tí ó ń fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí abẹ tó kàn án, ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin ènìyàn wa tí ẹ wà ní ìdálẹ̀ sọ̀rọ̀ lónìí.

Ó ti tó ọdún mẹ́rin báyìí tí mo ti sọ ọṣẹ sísè di iṣẹ́ ìgbafẹ́ mi níhìn-ín ní Kàdúná. N kò fi tà, n kò sì ní in lọ́kàn láti fi tà. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́ a máa lọ gbá bọ́ọ̀lù, àwọn mìíràn a jókòó ti ọpọ́n ayò. Ẹ̀yìnkùlé ni èmi máa ń wà ní tèmi, pẹ̀lú ìkòkò, orógùn àti òṣùwọ̀n kékeré kan. Àwọn ará àdúgbò ti sọ mí ní Bàbá Ọlọ́ṣẹ. Mo ń jẹ́ ẹ.

Ojú mi ni ó gbé mi dé ìdí iṣẹ́ yìí. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n ti hù sí mi lágbọ̀n ni mo ti ń bá ìléròrò jà. Bí mo bá fá a lónìí, kí ó tó di ọ̀túnla, ọrùn mi àti abẹ́ àgbọ̀n mi yóò ti kún fún kókó wínníwínní tí ń yún ni tí ó sì ń ro ni. Ó ń tì mí lójú láti jókòó níwájú ọ̀gá mi pẹ̀lú ọrùn tí ó rí ṣákiṣàki bí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́. Mo ra oríṣiríṣi ọṣẹ inú agolo; òórùn wọn dùn, ṣùgbọ́n ìléròrò kò lọ.

Ní ọjọ́ kan ni mo dé ọjà, tí mo rí òrí tí wọ́n kó jọ sínú igbá rẹpẹtẹ, èyí tí àwọn ará Haúsá ń pè ní man kade. Mo rántí kẹ́ẹ̀gì àdín tí ìyá mi fi ránṣẹ́ sí mi láti ilé, tí kò sí ẹni tí ó ń lò ó. Ọkàn mi sọ fún mi pé: òrí rèé níhìn-ín, àdín rèé láti ilé, kí ni ó tún kù tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ bí kò ṣe omi eérú? Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀, láìmọ̀ pé ohun tí ó kù gan-an ni ó le jù nínú iṣẹ́ náà.

IṢẸ́ TÍ ỌṢẸ Ń ṢE LÓJÚ

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń bá jà. Irùngbọ̀n púpọ̀ nínú àwa ènìyàn dúdú a máa ká kò bí òrùka. Bí abẹ bá gé e mọ́ awọ pátápátá, ẹnu rẹ̀ a mú ṣọnṣọ bí abẹ́rẹ́. Nígbà tí ó bá tún ń hù, kì í yọ jáde tààrà. Ńṣe ni ó ń ká padà wọ inú awọ. Ara a sì kà á sí ẹ̀gún tí ó gún un, ojú ibẹ̀ a wú.

Kò sí ọṣẹ tí ó lè tọ́ irun tí ó ká. Ohun tí ọṣẹ rere lè ṣe ni pé kí ó mú omi dúró lára irun títí irun yóò fi rọ̀, kí ó sì fi ohun yíyọ̀ sáàárín abẹ àti awọ. Irun gbígbẹ le. Èyí tí ó ti mu omi fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta rọrùn láti gé. Abẹ kò ní fà á tu, kò sì ní gba ojú kan náà kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìdí nìyí tí ìhó ọṣẹ ìfárùngbọ̀n fi gbọ́dọ̀ ki, kí ó sì pẹ́. Bí ìhó ọṣẹ ìwẹ̀ bá kú kíákíá, kò sí ohun tí ó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ti ìfárùngbọ̀n kò gbọdọ̀ kú kí iṣẹ́ tó parí.

Ọṣẹ fúnra rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. Kí ọkọ̀ òyìnbó tó máa gbé ọṣẹ wá ni àwọn ìyá wa ti ń sun èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ di eérú. Nígbà tí kòkó dé ilẹ̀ wa, wọ́n fi èèpo rẹ̀ kún un. Wọ́n á da omi sí eérú nínú ìkòkò onihò, wọ́n á gba omi tí ó ro sílẹ̀, wọ́n á sì fi se àdín tàbí epo títí yóò fi di ọṣẹ dúdú. Àwọn ará Haúsá náà ní ọṣẹ eérú tiwọn tí wọ́n ń pè ní sabulun salo. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, epo àti ẹkùrọ́ láti etí òkun wa ni wọ́n ń kó lọ sí Liverpool láti fi ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là. Ní 1923 ni ilé-iṣẹ́ Lever Brothers sì dé Èkó láti máa ṣe ọṣẹ níbẹ̀.

Ní 1823 ni onímọ̀ ará Faransé kan, Michel Eugène Chevreul, tẹ ìwé jáde tí ó tú àṣírí tí ó wà nínú ìkòkò àwọn ìyá wa. Ó fi hàn pé ohun méjì ni ó so pọ̀ di epo tàbí ọ̀rá: ohun kíkan kan tí a ń pè ní ásíìdì, àti glisẹríìnì tí ó dùn létè. Nígbà tí omi eérú bá ba epo jà, yóò gba ásíìdì náà mọ́ ara, ìyẹn yóò di ọṣẹ, glisẹríìnì yóò sì dá dúró. Irú ásíìdì tí ó bá pọ̀ nínú epo kan ni ó ń pinnu irú ọṣẹ tí yóò di. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àdín ni ó máa ń mú ọṣẹ hó yẹ̀ẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní stearic, tí ó tó nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún òrí, ni ó máa ń mú kí ìhó ki kí ó sì pẹ́.

Ohun kejì ni irú omi tí a fi sè é. Kọ́sítíìkì sódà, tí àwọn ọlọ́ṣẹ ń rà lọ́jà, a máa mú ọṣẹ le bí òkúta. Pọ́táṣì, èyí tí ó pọ̀ nínú eérú èèpo kòkó, a máa mú un rọ̀, ó sì ń tètè yọ́ sómi. Ẹ̀yin kò ha rí i pé ọṣẹ dúdú máa ń rọ̀ lọ́wọ́? Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ọṣẹ rírọ̀ ni búrọ́ọ̀ṣì ìfárùngbọ̀n sì fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i o: bí ẹ bá béèrè pọ́táṣì lọ́wọ́ aláta, kánhún ni yóò gbé fún yín, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní kanwa. Kánhún tí a ń wà ní agbègbè adágún Chad, sódà ni ó pọ̀ nínú rẹ̀. Kò lè ṣe iṣẹ́ tí à ń wí yìí.

ÌKÒKÒ MI ÀTI OJÚ MI

Wọ́n ní ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbóná. Ìkòkò tèmi kò tilẹ̀ dúró kí ìdí rẹ̀ gbóná. Ìkòkò alumíníọ̀mù tí a fi ń se ìrẹsì ni mo gbé, mo sì da omi kọ́sítíìkì sínú rẹ̀. Lójú kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó yaya láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Èéfín rú jáde, ara ìkòkò dúdú, inú rẹ̀ sì jẹ gúdugùdu. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé kọ́sítíìkì a máa jẹ alumíníọ̀mù bí ikán ti ń jẹ igi, afẹ́fẹ́ tí ó sì ń tú jáde lè gbiná. Ìkòkò onítánganran tí kò bó, tàbí irin tí kì í dógùn-ún, nìkan ni a lè lò. Mo ra ìkòkò tuntun fún ìyàwó mi, mo sì bẹ̀ ẹ́ títí.

Nígbà kejì, àdín nìkan ni mo sè. Ọṣẹ náà funfun, ó hó bí òjò àkọ́rọ̀ lórí erùpẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún tán, ìhó ti kú ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ojú mi sì gbẹ háú. Nígbà kẹta, mo ní n ó fi òrí nìkan ṣe é. Ó yọ̀ lójú bí ilá, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti hó, nítorí pé òrí ní nǹkan kan nínú tí kì í di ọṣẹ rárá, ó sì pọ̀ ju èyí tí ó wà nínú àwọn epo yòókù lọ.

Ìgbà kẹrin ni mo dàpọ̀ àdín àti òrí, inú mi sì dùn. Àṣìṣe tí mo ṣe ni pé ojú ni mo fi wọn kọ́sítíìkì. Mo bu ṣíbí mẹ́ta. Nígbà tí ó rí bí ẹni pé kò ki, mo tún bu ìdajì ṣíbí lé e. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo fi í pa ojú. Kò pé ìṣẹ́jú kan tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí bí ẹni pé wọ́n fi ata pa mí lára. Mo sáré bọ́ sí ìdí omi, mo bù ú bù ú. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi pọ́n, tí ó sì ń bó bí awọ ejò. Ẹni tí ó ń wá ìwòsàn ìléròrò ti fọwọ́ ara rẹ̀ ra egbò.

AJÁ ILÉ ÀTI ÌKOOKÒ

Ìyá àgbà kan wà tí ó ń ta ọṣẹ dúdú nínú ọjà tí a máa ń ná. Nígbà tí ojú mi jinná, mo tọ̀ ọ́ lọ, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì béèrè pé, "Màmá, báwo ni ẹ ṣe ń mọ̀ pé omi eérú yín ti tó? N kò rí òṣùwọ̀n kankan lọ́wọ́ yín."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Akọ̀wé, ahọ́n mi ni òṣùwọ̀n mi. Bí ó bá ta á, ó ti tó. Bí kò bá ta á, mo padà sídìí eérú."

Nígbà tí mo sọ fún un pé ojú ni èmi náà fi wọn tèmi, ṣùgbọ́n pé kọ́sítíìkì ni mo lò, ó káwọ́ lérí. "Kọ́sítíìkì kẹ̀? Áà, ọmọ mi! Omi eérú, ajá ilé ni. Kọ́sítíìkì, ìkookò ni. Wọ́n jọ ara wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà kọ́ ni a fi ń fún wọn lóúnjẹ."

Mo ti ka ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò sì sí èyí tí ó là mí lójú tó gbólóhùn mẹ́ta yẹn. Omi eérú kò lágbára púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sè é láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, tí ìyá náà sì ráyè tọ́ ọ wò, kí ó fi epo kún un, kí ó tún fi omi kún un. Bí ó bá ṣe àṣìṣe, àṣìṣe náà kéré, àkókò sì wà láti tún un ṣe. Ṣùgbọ́n kọ́sítíìkì, ìbáà jẹ́ ti sódà ìbáà jẹ́ ti pọ́táṣì, kì í dárí jini. Ìwọ̀nba tí ó bá ṣẹ́kù tí kò rí epo bá jà, awọ ara ẹni ni yóò bá jà. A kò lè gba oògùn òyìnbó kí a kọ òṣùwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá ní òṣùwọ̀n, kí ó dúró ti omi eérú.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ tí mo ní láti sọ bí ó tilẹ̀ ń tì mí lójú. Ní ọjọ́ kan mo po omi pọ́táṣì, mo sì rọ ọ́ sínú ìgò tí a fi ń mu omi, mo gbé e sí orí pèpéle kí n lọ mú orógùn. Ọmọkùnrin mi, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ nígbà náà, ti ibi tí ó ti ń ṣeré wá, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó ti ṣí ìdérí ìgò náà nígbà tí ìyá rẹ̀ figbe ta, tí ó sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tọ́ ọ wò. Ṣùgbọ́n fún oṣù mẹ́ta n kò fọwọ́ kan ìkòkò ọṣẹ mọ́.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò ríṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá orílẹ̀-èdè yìí ti ń tọ́jú àwọn ọmọdé tí ó gbé kọ́sítíìkì mì nínú ilé tí a ti ń ṣe ọṣẹ. Ó máa ń jó ọ̀nà ọ̀fun. Nígbà tí egbò náà bá jinná, àpá rẹ̀ a fún ọ̀nà náà pa, oúnjẹ kò sì ní lè kọjá mọ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe rọ ọ́ sínú ìgò omi tàbí ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò láéláé. Ẹ tì í mọ́ inú àpótí. Bí ó bá kan ara, ẹ fi omi tí ó ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún ó kéré tán 20 ìṣẹ́jú. Bí ọmọ bá gbé e mì, ẹ má ṣe fún un ní epo mu, ẹ má sì ṣe mú un bì, nítorí yóò tún jó o nígbà tí ó bá ń jáde. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ.

BÍ MO ṢE Ń ṢE É BÁYÌÍ

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta yẹn, mo ra òṣùwọ̀n kékeré tí ó ń ka gíráàmù, ìbọ̀wọ́ àti awò tí ó bo ojú. Mo tún ra ásíìdì stearic lọ́wọ́ àwọn tí ń ta ohun èlò àbẹ́là, nítorí pé èyí tí ó wà nínú òrí kò tó fún ìhó tí mo ń wá. Èyí ni àpòpọ̀ tí mo dúró lé: ásíìdì stearic 200 gíráàmù, òrí 150, àdín 100, epo pupa 50. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 500 gíráàmù.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Kílò kan àdín ń fẹ́ nǹkan bí 245 gíráàmù kọ́sítíìkì pọ́táṣì kí ó tó di ọṣẹ tán. Kílò kan epo pupa ń fẹ́ nǹkan bí 200, òrí 180, ásíìdì stearic 198. Bí a bá ṣírò ìpín kọ̀ọ̀kan tí a sì ro ó pọ̀, yóò jẹ́ nǹkan bí 101 gíráàmù. N kì í lò ó tán. Mo máa ń yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kúrò, kí ó ku 96, kí ó lè dá mi lójú pé epo ni yóò ṣẹ́kù nínú ọṣẹ, kì í ṣe pọ́táṣì. Àlàfo kékeré yẹn ni odi tí mo mọ yí ojú mi ká.

Ìta gbangba ni mo ti máa ń po pọ́táṣì mọ́ 250 gíráàmù omi tútù. Pọ́táṣì ni a ń dà sínú omi díẹ̀díẹ̀. A kì í da omi lé pọ́táṣì lórí, nítorí pé ó lè ta síni lójú. Mo máa ń yọ́ àwọn ọ̀rá pọ̀ nínú ìkòkò onítánganran tí mo gbé ka inú ìkòkò omi gbígbóná, títí tí ásíìdì stearic yóò fi yọ́ tán, nítorí òun ni ó máa ń pẹ́ jù. Mo máa ń da omi pọ́táṣì sí i ní díẹ̀díẹ̀, mo sì ń rò ó bí ẹni ń ro àmàlà. Kíá ni yóò ki, nítorí pé stearic kì í fi àkókò ṣòfò. Mo máa ń jẹ́ kí ó wà lórí omi gbígbóná fún nǹkan bíi wákàtí méjì títí yóò fi dán, tí ojú epo kò sì ní sí lórí rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ó bá tutù, mo máa ń fi ìka bíńtín kan ahọ́n bí ti Màmá ọlọ́ṣẹ. Bí ó bá ta á, ó padà sórí iná nìyẹn. Bí kò bá ta á, mo dì í sínú agolo oníke, mo fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó kan ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn ọwọ́ mi ni mo sì máa ń fi dán an wò ṣáájú.

OHUN TÍ Ó ṢẸ́KÙ

Ṣé ìléròrò mi ti lọ? Òtítọ́ kò ṣeé fi pamọ́: ó dín kù púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọṣẹ nìkan ni ó ṣe é. Nítorí pé mo fi ọwọ́ ara mi ṣe ọṣẹ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi sùúrù lò ó. Mo ń fi aṣọ tí a rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́ bo irùngbọ̀n mi fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì po ọṣẹ títí yóò fi ki. Ọ̀nà tí irun kọjú sí ni mo ń fá a sí, n kì í fa awọ le, n kì í sì í fi abẹ kíkú fá a. Àwọn ọṣẹ inú agolo tí mo ti bú tẹ́lẹ̀, bóyá ìkánjú mi ni ó pọ̀ ju àìdára wọn lọ. Ẹni tí tirẹ̀ bá le kọjá èyí, kí ó jẹ́ kí irùngbọ̀n rẹ̀ gùn díẹ̀, kí ó sì lọ rí dókítà.

Nígbà tí mo lọ sílé ní ọdún tí ó kọjá, mo mú agolo kan dání fún bàbá mi. Wọ́n fi pa àgbọ̀n, wọ́n fá a tán, wọ́n fọwọ́ ra ojú, wọ́n ní, "Òrí ni mo ń gbóòórùn yìí. Níbo ni wọ́n ti ń ta irú èyí?" Mo ní, "Bàbá, òrí Òkè Ọya ni, àti àdín Màmá." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n sì ní kí n fi òmíràn ránṣẹ́ bí èyí bá tán.

Ẹ̀yin ènìyàn wa tí ẹ wà ní Kánò, ní Jọ́ọ̀s, ní Mìnná àti ní Sókótó, òrí wà lẹ́nu ọ̀nà yín, àdín kò sì jìnnà sí yín. Bí ọkàn yín bá fà sí iṣẹ́ ìgbafẹ́ yìí, ẹ ra òṣùwọ̀n kí ẹ tó ra pọ́táṣì, ẹ sì wá ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò ti lè tó o kí ẹ tó gbé e wọlé. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ni í máa ń le koko.